Ohun Tó Wà Nínú Kámẹ́rà Jàmíù

Ẹnu kámẹ́rà náà yọ jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú ìgò, ó wá dúró. Bàbá Jàmíù gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Kámẹ́rà kékeré aláwọ̀ fàdákà ni, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ọ̀dà rẹ̀ ti bó níbi tí àtàǹpàkò ọmọ rẹ̀ máa ń tẹ̀, sìmẹ́ńtì sì ti gbẹ mọ́ okùn tí wọ́n fi ń kọ́ ọ sọ́wọ́. Ibi tó ti ń wo sìmẹ́ńtì yìí ni Bàlíkísù, ìyàwó Jàmíù, ti na ọwọ́ gbà á, tó sì ti fi èékánná há ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ láti ṣí i.

Bàbá gbá a lọ́wọ́. Ó dún. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, nítorí láti ìgbà tí ọmọbìnrin yìí ti wọ ilé wọn, kò sẹ́ni tó gbé ọwọ́ sókè sí i rí.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá àwọn àwòrán náà ṣì wà níbẹ̀ ni."

"Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kan fíìmù inú rẹ̀, ó parí nìyẹn."

Kò mọ bó ṣe máa là á yé e ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ayé fóònù ni wọ́n bí Bàlíkísù sí. Lójú tirẹ̀, bí èèyàn bá ti ya àwòrán, àwòrán ti wà nílẹ̀ nìyẹn, ó ń retí ẹni tó máa wò ó. Bàbá ní tirẹ̀ rántí ayàwòrán kan ní Ìsẹ́yìn nígbà èwe rẹ̀, tó máa ń ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, tí kì í jẹ́ kí ọmọdé kankan sún mọ́ yàrá òkùnkùn rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì, ẹnu kámẹ́rà náà padà wọlé. Ó fi aṣọ ìnura wé e, ó fi í sínú ọ̀rá, ó ti ọ̀rá náà bọ àpò bùbá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ dì í mú látòkè aṣọ bí ìgbà tí àyà bá ń dun èèyàn.

Yàrá kan ṣoṣo tí Jàmíù háyà ní Làngbàsà, lẹ́yìn Ajah, ni wọ́n wà. Àná ni Bàbá ti Ìsẹ́yìn dé. Kò mú ẹrù wá. Nítorí kámẹ́rà yìí ló ṣe wá, nítorí kò sẹ́ni tó lè finú tán láti bá a gbé e dé ibi tí wọ́n ti máa fọ fíìmù inú rẹ̀.

Ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ló wó pa Jàmíù. Ilé alájà mẹ́rin ni, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Lẹ́kì, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yanrìn dí. Òun ni fọ́mánì àwọn bíríkìlà ibẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló lọ kó wọn wá láti ilé lẹ́yìn Iléyá, mélòó kan nínú wọn sì bá a kú. Abdulmajeed wà nínú àwọn tó lọ, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí. Ilé Ìyá Abdulmajeed kọjú sí ti Bàbá Jàmíù, ọ̀dọ̀ ara wọn ni wọ́n ti máa ń fọnná. Kí wọ́n tó sin òkú tán, àwọn tó gba iṣẹ́ ilé náà ti sọ ohun tó fà á. Wọ́n ní fọ́mánì ló yára tú àwọn igi tó gbé dẹ́kìn dúró kí kọnkéré tó gbẹ. Rédíò sọ ọ́. Ìsẹ́yìn gbọ́.

Ìyá Abdulmajeed kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn yí àga rẹ̀ padà ni, ó kọ ẹ̀yìn sí òpópónà. Ní mọ́sálásí, níbi tí lèmọ́mù ti máa ń kìlọ̀ pé kí èjìká kan èjìká, àyè máa ń ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Jàmíù lórí ìlà. Àyè náà kàn ń wà níbẹ̀ ni, ó gba èèyàn kan, bí ẹni pé wọ́n fi í sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀. Orúkọ ọmọ rẹ̀ sì ni orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pe òun náà. Kò sí bí wọ́n ṣe máa kí i tí wọn kò ní kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí wọ́n ní ó pa ọmọ wọn.

Ṣùgbọ́n Bàbá mọ ohun kan tí wọn kò mọ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí ilé náà tó wó, Jàmíù pè é lórí fóònù, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Bàbá, irin tí wọ́n ń kì sínú òpó ilé yìí tín-ínrín jù. Mo bá ẹnjiníà sọ ọ́, ó ní kí n gbájú mọ́ búlọ́ọ̀kù mi. Mo ti ya àwọn ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà sínú kámẹ́rà. Tí mo bá dé, a ó jọ wò ó."

Bàbá ní kó rọra, kó má bá ọ̀gá jà. Wọ́n wá yí ọ̀rọ̀ sórí àgbàdo, wọ́n ní òjò ọdún yìí ti pẹ́ jù.

Ohun tó sọ fún lọ́yà nìyẹn. Olúwọlé ni wọ́n ń pe lọ́yà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ọ́fíìsì ní Oniru, tó ń ṣojú àwọn ẹbí olóògbé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní wọ́n ti kó gbogbo àwókù ilé náà lọ, òpó kan kò kù tí èèyàn lè tọ́ka sí. Bí àwòrán bá lè fi irin inú òpó hàn kedere, a jẹ́ pé òun ní ohun tí òun máa gbé síwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí. Bí kò bá sí, orúkọ fọ́mánì ni wọ́n máa kọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí. Ìyẹn ló gbé Bàbá jáde nílé.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé abẹ́ afárá Ajah, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Bàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ọdún tó ti kúrò níhìn-ín. Lébìrà lòun náà nígbà náà, ó ń ru yanrìn lójú ọ̀nà yìí kan náà nígbà tí kò tíì ní ọ̀dà. Àgbọn ló wà lápá kan, irà ló wà lápá kejì. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, àwọn apẹja á máa fa àwọ̀n, àwọn lébìrà á lọ bá wọn fà á, wọ́n á sì bu ẹja wẹ́wẹ́ fún wọn tí wọ́n á fi jẹ gààrí. Afẹ́fẹ́ òkun máa ń fi iyọ̀ sí ètè èèyàn. Tí èèyàn bá sùn, ìró omi ni á máa gbọ́ títí, títí kò fi ní mọ̀ pé òun ń gbọ́ ọ mọ́. Nílé ní Ìsẹ́yìn, fún ọdún púpọ̀, ohun tó máa ń ṣe é bí oorun kò bá wá ni kó wá ìró náà kiri nínú etí ara rẹ̀. Ó ti rò pé bí òun bá tún dé ìhín, òun á gbọ́ ọ. Fèrè ọkọ̀ nìkan ló gbọ́.

Wọ́n kọjá oríta Abraham Adésànyà. Nígbà tí wọ́n dé iwájú géètì VGC, àdúgbò àwọn olówó, níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń yẹ inú ọkọ̀ wò, Bàlíkísù fi ẹnu júwe ibẹ̀. Inú ibẹ̀ ni kámẹ́rà náà ti wá. Àǹtí Adékẹ́mi kan tí Jàmíù mọ fẹ́ǹsì fún ló ń kó lọ sí òkè òkun, tó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ mú ohun tó bá wù wọ́n nínú ẹrù tí òun fẹ́ dà nù. Àwọn tó kù du fáànù, wọ́n du rọ́ọ̀gì. Jàmíù ní tirẹ̀ mú kámẹ́rà tí kò sẹ́ni tó bójú wò. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi dé Ajah, wọ́n ní bíríkìlà àwọn ti di Ọ̀gá Fọ́tò, ó kù kó wá máa ya sìmẹ́ńtì.

"Ó fẹ́ràn rẹ̀," Bàlíkísù sọ. "Fíìmù ṣọ̀wọ́n, kì í fi ṣòfò. Tó bá fẹ́ ya ẹnì kan, á kọ́kọ́ ní kó lọ bọ́jú."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá yí orí sí apá kejì, ó sì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá kò bi í léèrè. Ó wo ìta níbi tí Bàlíkísù kò fẹ́ wò, ó rí páànù tí wọ́n fi yí ilẹ̀ òfìfo kan ká, ibi tí ilé náà ti wà rí, tí koríko ti ń yọ orí lábẹ́ rẹ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Lẹ́kì, lókè ilé tí wọ́n ti ń ta kéèkì, ni wọ́n ti ń fọ fíìmù. Àwọn ọ̀dọ́ ló wà lórí ìlà, wọ́n fi irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọbìnrin kan rí ti Bàbá nígbà tó ń tú u nínú aṣọ ìnura, ojú rẹ̀ là.

"Bàbá, kámẹ́rà yín mà fáìn o. Ṣé ẹ̀ ń tà á ni?"

"Ti ọkọ mi ni," Bàlíkísù dáhùn. Ọmọbìnrin náà wo ìbòrí dúdú tó wà lórí rẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, ó sì kúrò níwájú wọn kí wọ́n lè kọjá.

Dúró lorúkọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin onídàda tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ó rò pé Bàbá fẹ́ kí wọ́n bá òun tún kámẹ́rà ṣe ni. Bàbá sọ ohun tó gbé wọn wá, kò fi ọ̀rọ̀ ṣe ẹwà: ọmọ mi ló ni ín, ilé wó pa á, ohun tó fa ìwó ilé náà wà nínú rẹ̀. Dúró dẹ́kun jíjẹ ohun tó ń jẹ. Ó ní fíìmù náà kò tíì tán, ó ní láti kọ́kọ́ ká padà sínú agolo rẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣí i. Ó fi ṣóńṣó bíírò tẹ ihò kékeré kan. Kámẹ́rà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó kùn díẹ̀, ó dákẹ́. Bàbá na ọwọ́ sí i.

"Bátìrì ni, Bàbá. Bátìrì ló rẹ̀."

Ó ní òun kò ní pààrọ̀ rẹ̀ níbí. Ó gbé e wọ yàrá òkùnkùn, wọ́n ń gbọ́ ọ láti ibi tí wọ́n dúró sí. Ìkùn náà tún bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́, ó wá dákẹ́ lójijì. Dúró yọ orí jáde, ó fi agolo fíìmù kékeré náà hàn wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́. Ó ní tiwọn lòun máa kọ́kọ́ fọ̀, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Wọ́n rí mọ́sálásí onípákó kan lẹ́yìn ibi tí àwọn awakọ̀ ń gbé ọkọ̀ sí. Nígbà tí Bàbá dúró lórí ìlà, awakọ̀ kan tí kò mọ̀ ọ́n rí sún wá, ó fi èjìká kan tirẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá gbàgbé ohun tó ń kà. Ó ní láti bẹ̀rẹ̀ Fátíà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun, wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ òjìji ògiri. Bàlíkísù sọ fún un pé ilé ni Jàmíù fi kámẹ́rà sí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ bá a lọ sábẹ́ ilé tó wó, àti pé tòun fúnra òun, onítọ́ọ̀ṣì lásán tí kì í ya àwòrán ni. Àwòrán ìgbéyàwó wọn nìkan ló wà nílé, Jàmíù kò sì tíì ní irùngbọ̀n nígbà náà.

"Èmi ò mọ̀ nípa irin, Bàbá. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí."

Bàbá ní wọ́n máa rí méjèèjì. Ó fi ìgboyà sọ ọ́. Bàlíkísù wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó fẹ́ sọ nǹkan, ó wá tún ìbòrí rẹ̀ ṣe.

Olúwọlé lọ́yà, tí Bàbá ti pè lórí fóònù, ti dé ṣọ́ọ̀bù náà ṣáájú wọn, òógùn ń ṣàn lábẹ́ kóòtù rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí Bàbá, ó sì kí Bàlíkísù kú ìrọ́jú. Dúró yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn.

Àwòrán àkọ́kọ́, ojú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, orín wà lẹ́nu rẹ̀. Ojú náà kún gbogbo àwòrán láti etí dé etí. Bàbá mọ̀ ọ́n, ọmọ àdúgbò Ìdí-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ni. Èkejì, ojú ẹlòmíràn ni, yanrìn wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ti bọ́jú àmọ́ omi kò kó gbogbo rẹ̀ lọ. Olúwọlé ní kí Dúró máa lọ síwájú. Ojú mìíràn jáde. Òmíràn tún jáde. Ẹnì kan ń ṣẹ́jú. Ẹnì kan na ahọ́n. Ẹnì kan ṣe bí àlùfáà, ó fẹ́ mójú le, ẹ̀rín ti ń já bọ́ létí ẹnu rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn wọn, eérú ni gbogbo rẹ̀, ó ti yọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo nǹkan lábẹ́ omi. Kò sí òpó. Kò sí ilé.

"Ẹ máa lọ," Olúwọlé ń wí. "Ẹ máa lọ."

Ti Abdulmajeed ló jáde kẹ́yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ ni ìlà pupa kan gbé dúró, bàìbàì, ó lè jẹ́ irin, ó lè jẹ́ igi, ó lè jẹ́ okùn. Olúwọlé sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Lẹ́yìn náà ó nà ró.

"Ká ní ó tiẹ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀," ó sọ, kì í ṣe sí ẹnikẹ́ni. "Kí ló dé tó ń sún mọ́ wọn tó báyìí?"

Dúró ní kò sún mọ́ wọn. Kámẹ́rà náà ní bọ́tìnnì kan tó ń fa ẹni tó jìnnà wá sí tòsí, òun ló ń tẹ̀ títí dé òpin ní gbogbo ìgbà. Ó ní ẹni tó yà á mọ̀ ọ́n lò, nítorí kò sí ojú kan tí kò mọ́ kedere.

Bàbá kò gbọ́ ìyókù. Ọkàn rẹ̀ ti padà sí iwájú ilé rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ní ọjọ́ tí awakọ̀ kan kó àwòrán àkọ́kọ́ tí Jàmíù fi kámẹ́rà yìí yà wá. Ilé ńlá kan ló gba gbogbo inú rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì tò síwájú rẹ̀, orí wọn kò ju ẹ̀wà lọ. Gbogbo ilé ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ìyá Abdulmajeed gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó ń bèèrè pé èwo ni tòun níbẹ̀. Bàbá wá pe Jàmíù, ẹ̀rín sì ń pa á. Ó ní, ilé olówó lo yà ránṣẹ́ sí wa. Ta ló bi ọ́ léèrè ilé? Ojú yín la fẹ́ rí. Jàmíù náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, wọ́n máa rí ojú títí á fi sú wọn.

Olúwọlé di báàgì rẹ̀. "Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín," ó ní. Òun máa fi wọ́n kún ìwé tí òun fẹ́ kó síwájú ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n máa fi wọ́n ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Àwòrán Abdulmajeed ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló kọlù ú lójú. Bàlíkísù ti sún mọ́ iwájú, kò wo ojú ọmọ náà. Ó na ìka, ó fi kan gíláàsì níbi àyà ẹ̀wù rẹ̀. Òjìji kan wà níbẹ̀, dúdú, orí pẹ̀lú fìlà tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìgúnpá méjèèjì gbé sókè.

"Òun rèé," ó ní.

Nínú gbogbo fíìmù náà, ibẹ̀ nìkan ni Jàmíù wà.

Dúró ní òun máa tẹ gbogbo wọn sórí pépà fún wọn, kí wọ́n má sọ ọ̀rọ̀ owó. Bàbá tọ́ka sí ti Abdulmajeed, ó ní ìyá ọmọ náà lòun máa gbé ìyẹn fún. Dúró wo àwòrán náà, ó wo Bàbá. Ó rọra sọ pé wọ́n máa ń gé irú òjìji bẹ́ẹ̀ kúrò, pé kò ní ṣòro, ojú nìkan ló máa kù, á sì dùn ún wò fún màmá.

Ó yé Bàbá. Ó rí bí ìyá náà ṣe máa gbé e sún mọ́ ojú, bó ṣe máa rí ọmọ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, tí yóò sì rí ohun dúdú tó wà láyà ọmọ náà, tí yóò mọ ẹni tó ni ín. Ó la ẹnu láti ní kí wọ́n gé e. Ìka Bàlíkísù kò tíì kúrò lójú gíláàsì.

"Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà," Bàbá wí.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, Bàlíkísù ló ṣíwájú, ó fi àwọn àwòrán náà sábẹ́ ìbòrí. Bàbá di irin àtẹ̀gùn mú. Nígbà tó dé àárín àtẹ̀gùn, ó dúró.

"Bàlíkísù. Èmi ni mo ní kó máa fa ojú wọn sún mọ́."

Kò bojú wẹ̀yìn. "Mo mọ̀, Bàbá. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ tí ẹ pè é. Láti ìgbà náà, kò ya nǹkan mìíràn mọ́ ju ojú lọ."

Ó ń bá a lọ, ó ń fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀. Bàbá dúró síbẹ̀. Láti àárọ̀, nínú kẹ̀kẹ́, nínú bọ́ọ̀sì, lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn mọ́sálásí, obìnrin yìí ti mọ ohun tí wọ́n máa bá nínú fíìmù náà, ó sì ti jẹ́ kí òun máa sọ̀rọ̀ irin.